Àìlórúkọ Nílé, Olórúkọ Lórí Ayélujára: Àyẹ̀wò Ìrírí Àwọn tí Ọkàn Wọn Kì í Fà sí Ìbálòpọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, tí ilé wò títí tí kò rí orúkọ fún ju orúkọ àrùn lọ. Àwọn tí mò ń wí ni àwọn tó bàlágà, tí ara wọn dá ṣáṣá, tí ọkàn wọn kò sì fà sí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, okóbó ni àdúgbò yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọn a ní ọkọ ọ̀run ló gbà á lọ́wọ́ ọkọ ayé, wọn a sì mú un gun orí òkè fún ààwẹ̀ àti ìtúsílẹ̀, tàbí kí wọ́n bá a ṣètùtù fún ẹgbẹ́ ọ̀run. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ rí orúkọ tí kì í ṣe ti àrùn. Orí fóònù kan náà ni ìyà mìíràn sì ti ń bá wọn.

Orúkọ náà, asexual, ti ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2001 ni David Jay, ará Amẹ́ríkà, dá AVEN, ìkànnì kan lórí ayélujára, sílẹ̀ kí àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 2004, Anthony Bogaert, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, yẹ ìdáhùn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 18,000 wò, ó sì rí i pé bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ọkàn òun kò fà sí ẹnikẹ́ni rí. Lójú tèmi, ti 2013 ló wúwo jù: ìwé DSM-5, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀, là á kalẹ̀ pé kí a má ṣe ka ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ sí asexual mọ́ aláìsàn. Ìdí-Àràbà ní Èkó ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti rinlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà láti 1962, wà. Dókítà tí kò bá sì mọ orúkọ náà, ìdájọ́ àdúgbò ni yóò fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú dánfó tó ń ti Ìdí-Àràbà lọ sí Ojúẹlẹ́gba. Ó ti dín ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ̀ kù, ó dojú rẹ̀ kọ àyà, nítorí ojú ìyá oníṣòwò tó jókòó tì í kò kúrò níbẹ̀. Orúkọ tó ń lò lórí Twitter, tó ti di X láti 2023, kì í ṣe èyí tí baba rẹ̀ sọ ọ́, àwòrán òdòdó ló sì fi síbi tí ojú rẹ̀ ìbá wà. Obìnrin adúláwọ̀ kan ló ń wò, Yasmin Benoit ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní 2019 pé kí wọ́n fi ojú wọn hàn, kí ayé lè mọ̀ pé kò sí àmì kan lára àwọn. Ẹni tí a ti ń sọ fún pé ọ̀ràn òyìnbó ni, tó wá rí aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ẹ mọ bí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀ tó. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyájọ́ àwọn tó ń jẹ́ asexual káàkiri àgbáyé. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ti ilẹ̀kùn Twitter ní Nàìjíríà, tí kò sì ṣí i títí di 13 oṣù Kìn-ín-ní 2022. Àwọn tó mọ bí a ti ń fi VPN, ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, wọlé ń wọlé. Ti àwọn yòókù di ọjà tí òjò tú.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Kito ni wọ́n ń pe ìdẹkùn tí a ń dẹ lórí fóònù kan náà fún àwọn ọkùnrin tí ọkùnrin ń wù: ẹnì kan yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò ní kí ó wá kí òun nílé; bí àlejò bá ti bọ́ bàtà tán, àwọn géńdé mẹ́ta mẹ́rin a yọ láti yàrá, wọn a gba fóònù, wọn a gba owó inú báǹkì rẹ̀, wọn a sì ya fídíò ìhòòhò rẹ̀ tí wọn yóò fi máa dẹ́rù bà á. Kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òfin tí Goodluck Jonathan, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2014 ti la ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò fẹnu kan ẹni tí ìbálòpọ̀ kò wù, ṣùgbọ́n àdúgbò kì í ka òfin kó tó dájọ́. Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin wa fi ń fi òdòdó bojú.

Ìyà tirẹ̀ tún yàtọ̀. Bí ó bá ya ẹnu sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan yóò ní kò tí ì pàdé akọ ni. Èkejì yóò ní òun yóò wò ó sàn, ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà sí ìhàlẹ̀ ìfipábánilòpọ̀. Ẹ̀kẹta yóò fi nọ́ńbà wòlíì ránṣẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé láàárín àwọn tí òfin ń lé gan-an, àwọn kan ń bi í pé kí ni tirẹ̀, ta ló ń lé e? Obìnrin tí a fi ipá fún ọkọ kò nílò ọlọ́pàá kí ilé tó di ẹ̀wọ̀n fún un.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí: kí ẹ tó mú ọmọ náà gun orí òkè, kí ẹ sì tó gba owó orí rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un, kí ẹ dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.