Ọbẹ̀ Johnson, Ẹja Garba

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló mú mi lọ jẹun níbẹ̀. Ilé oúnjẹ kékeré kan ni, àwọn ọmọ Kòríà ló ni ín, tábìlì rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n kọ sára ògiri ló ní sọ́séèjì nínú: sọ́séèjì tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n tẹ̀ bọ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n wá dín, sọ́séèjì lórí ìrẹsì, sọ́séèjì àti wàràkàṣì. Èmi tó jẹ́ pé inú Gálà tí a ń rà lójú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ni mo ti mọ sọ́séèjì, mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìkòkò kan ka àárín tábìlì, wọ́n tan iná gáàsì kékeré sí i nídìí. Ata pupa, ewébẹ̀ kíkan tí wọ́n ń pè ní kimchi, núdù bí indómì tiwa, sọ́séèjì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹran inú agolo, gbogbo rẹ̀ ń hó kùtùkùtù pa pọ̀. Bouaké ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi yìí sí, Brobo ló sì ti dàgbà. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Garba tiwọn nìyí.”

N kò gbà. Garba jẹ́ attiéké àti ẹja díndín. Kò lómi, a kì í sì í gbé e ka iná. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè fi mí sílẹ̀. Mo ti wá rí i pé òótọ́ ló sọ, bóyá ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Ogun Kòríà bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ó dáwọ́ dúró ní 1953, ìlú sì ti di ahoro. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò lọ. Wọ́n pàgọ́ káàkiri, Uijeongbu tó wà ní àríwá Seoul sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àgọ́ wọn wà. Ebi ń pa àwọn aráàlú, ẹran sì ṣọ̀wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n nínú àgọ́ àwọn sójà, sọ́séèjì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú agolo ń ṣẹ́kù lórí àwo. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ ń kó o jáde, àwọn aráàlú ń rà á lábẹ́lẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí ẹrù àgọ́ dé ọjà. Wọ́n gé e sínú ọbẹ̀ ata àti ewébẹ̀ kíkan tí ìyá wọn ti ń sè kí òyìnbó tó dé. Budae-jjigae ni orúkọ rẹ̀: budae ni àgọ́ ológun, jjigae ni ọbẹ̀. Ó tún ní orúkọ kejì, Johnson-tang, ọbẹ̀ Johnson, nítorí Lyndon Johnson, Ààrẹ Amẹ́ríkà tó bẹ ilẹ̀ Kòríà wò ní 1966. Ọbẹ̀ àjẹkù tó gba orúkọ ààrẹ! Lónìí, òpópónà kan wà ní Uijeongbu tí wọ́n mọ̀ sí ọbẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti mú mi padà sí Côte d'Ivoire.

Fún ẹni tí kò bá tíì jẹ attiéké, ìbátan gàrí ni. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á fi èyí tó ti kan tẹ́lẹ̀ pò ó, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé àwa ń yan tiwa nínú agbada títí tó fi máa gbẹ. Àwọn obìnrin etí ọ̀sà, Ébrié, Adjoukrou, Alladian àti Avikam, ń fi ooru omi se tiwọn kó lè rọ̀. Attiéké tó dára máa ń dá wóró-wóró, ó sì máa ń funfun. Èyí tí wọ́n fi ń jẹ garba kì í ṣe ọ̀kan náà. Wóró rẹ̀ kò dọ́gba, ó wúwo, ó tètè ń kún inú, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Lọ́jà, “attiéké garba” ni wọ́n ń pè é.

Ẹja rẹ̀ ni ìtàn wà nínú rẹ̀ jù. Èbúté Abidjan jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá Yúróòpù tó ń pẹja tùnà lórí Òkun Àtìláńtíìkì ti ń já ẹrù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń dì í sínú agolo wà níbẹ̀, ẹja tó tóbi tí ara rẹ̀ sì dá ni wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Ẹja tó kéré jù, ẹja tó ti fọ́, ẹja irú mìíràn tó bá tùnà wọ inú àwọ̀n, gbogbo ìwọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ agolo kì í gbà. Faux thon ni wọ́n ń pè é ní Faransé, bí ẹni ń sọ pé “ayédèrú tùnà”. Kò sí ohun ayédèrú kankan nínú rẹ̀ o. Ẹja gidi ni, orúkọ tí ọjà sọ ọ́ ni. Àwọn obìnrin oníṣòwò èbúté ló ń rà á lápapọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti ń dé gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Inú omi iyọ̀ tó tutù bíi yìnyín ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé ẹja dì sí, iyọ̀ náà sì ń wọ inú ara ẹja. Nígbà tí ẹja garba bá ní iyọ̀ lẹ́nu yín, ẹ má bá alásè jà. Láti inú ọkọ̀ ló ti gba iyọ̀ yẹn.

Ní ti orúkọ, mínísítà kan wà lábẹ́ Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ní àwọn ọdún 1970, Dicoh Garba ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn àti ẹja sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí tèwe-tàgbà ń sọ ni pé òun ló ní kí ẹja yìí má ṣòfò, kí mẹ̀kúnnù máa rí i rà. Àwọn aráàlú fi orúkọ rẹ̀ pe oúnjẹ náà, ìdajì ọpẹ́, ìdajì yẹ̀yẹ́, bí àwọn ará Kòríà ti ṣe fún Johnson. Mínísítà mélòó ni a rántí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ohun tí a ń jẹ lójoojúmọ́?

Kòríà àti Côte d'Ivoire kò wá rí bákan náà mọ́ tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se oúnjẹ náà. Ní Uijeongbu, ẹran ni àlejò, ọmọ onílẹ̀ ló dá iná. Ní Côte d'Ivoire, ẹni tó dúró nídìí agbada epo, tó ń fi ọ̀bẹ gé ẹja, tó ń gé àlùbọ́sà àti ata tútù sórí attiéké, tó ń fọ́ mágì sí i, lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀dọ́mọkùnrin Haúsá láti Niger ni. Àbókí ni gbogbo ayé ń pè é, bí a ti ń pè wọ́n nílé. Obìnrin onílẹ̀ ló ṣe attiéké, ọkọ̀ òyìnbó ló kọ ẹja, ọkùnrin àlejò ló pa wọ́n pọ̀ tó fi di oúnjẹ tí akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń jẹ, tí ọmọ Côte d'Ivoire tó wà ní Paris ń ṣàárò rẹ̀.

Oúnjẹ náà ti di ọmọ ìlú. Ẹni tó ń sè é kò tíì dì í.

Ẹ má rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ gún ará ibòmíràn lójú. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Reluwé láti Abidjan dé Bouaké ní 1912, ọjà sì tẹ̀lé reluwé, Yorùbá tẹ̀lé ọjà. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta aṣọ àti ohun èlò inú ilé ní Brobo, ní ìlà-oòrùn Bouaké, láàárín àwọn Baoulé. Ó gbọ́ Baoulé, ó gbọ́ Dioula, Faransé rẹ̀ sì dán ju tèmi tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Nínú àpò ọ̀rá kan, lábẹ́ àwọn ìró rẹ̀, ó ṣì tọ́jú káàdì àlejò tí wọ́n ní kí ó máa gbé kiri ní àwọn ọdún 1990. Ní 2007 ni wọ́n mú káàdì náà kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ECOWAS. Mo bi í pé kí ló ń fi í ṣe mọ́. Ó ní, “Ìwọ ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè tún béèrè.”

Àwọn ọdún 1990 yẹn ni ọ̀rọ̀ ivoirité gba ìlú kan, lábẹ́ Ààrẹ Henri Konan Bédié: ta ni ọmọ Côte d'Ivoire gidi, ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ní December 1998, òfin jáde pé ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ní ilẹ̀ ìgbèríko. Ní 19 September 2002, ogun bẹ́, Bouaké sì di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àǹtí mi kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Èjìgbò, ibi tí ó ti jẹ́ ọmọ onílé. “Ará Kodifúà” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó ní òun a máa sunkún nítorí attiéké ju nítorí ilé òun lọ. Ní 30 July 2007, wọ́n dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré Bouaké, wọ́n pè é ní Iná Àlàáfíà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó padà lọ sí Brobo.

Kò sì yẹ kí àwa ará Nàìjíríà máa ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní November 1969, Ghana fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi wá ìwé tàbí kí wọ́n lọ. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran baba wọn di ẹni tí ń fi ẹrù sórí sá. Ní January 1983, àwa náà ṣe é fún àwọn ará Ghana, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn la sì ń pè ní Ghana-must-go títí dòní. A lé wọn, a mú báàgì wọn, a tún sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ẹni tó bi báàgì léèrè ìwé ìgbélùú.

Ní December 2024, UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní orúkọ Côte d'Ivoire. Inú mi dùn sí i. Àwọn obìnrin etí ọ̀sà ló yẹ kó gba iyì náà, nítorí iṣẹ́ wọn lágbára, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, owó tó ń wọlé fún wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n garba, tó jẹ́ pé nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Côte d'Ivoire ti ń jẹ attiéké láàárín ọ̀sẹ̀, kò ní ìyá tó lè lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ta ni yóò lọ? Àbókí?

Nígbà tí mo lọ sí Brobo kẹ́yìn, èmi àti àǹtí mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé pákó tí wọ́n ti ń ta garba. Òkun jìnnà réré síbẹ̀, láti Abidjan dé Bouaké nìkan tó nǹkan bí kìlómítà 350, síbẹ̀ ẹja òkun la jẹ láàárọ̀, ní ìlú iṣu. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dín in pé apá ibo ní Niger ló ti wá. Ó wò mí. Ó ní òun kò dé Niger rí. Bàbá òun ló wá láti ibẹ̀, ìyá òun náà bẹ́ẹ̀, Dimbokro ni wọ́n bí òun sí. Láti 1972, bí wọ́n bá bí ọmọ sí Côte d'Ivoire, tí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ àlejò, ìbí yẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ó mọ òfin náà ju èmi lọ. Ó sọ ọ́ láìbínú, ó ń yí ẹja padà nínú epo bó ti ń sọ ọ́.

Ojú tì mí pé èmi ni mo bi í ní ìbéèrè yẹn, èmi tí mo ń bínú nítorí káàdì àǹtí mi.

Ó bu attiéké sórí bébà, ó gé ẹja lé e, ó bi wá bóyá kí ata pọ̀. Àǹtí mi ní kó pọ̀ dáadáa, ó sì na ọwọ́ kó owó fún un. Ó ti pọ́n tèmi tán nígbà tó tún mú ègé ẹja kan, apá ìrù, ó jù ú sínú ti àǹtí mi.

“Èènì,” ló wí. Yorùbá tó gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu àǹtí mi ló ti gbọ́ ọ.