Àyẹ̀wò ètò àgbàrá òjò ní Ojú Ore

Àyẹ̀wò ètò àgbàrá òjò ni ìgbésẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń yẹ pláànù ìkọ́lé wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, láti mọ ibi tí omi òjò yóò gbà kúrò lórí ilẹ̀ náà àti ibi tí yóò já sí. Ojú Ore jẹ́ oríta kan ní ọ̀nà Ṣàngó sí Ìdí-Ìrókò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé-iṣẹ́ ńlá, ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé sún mọ́ ara wọn ní agbègbè yìí, nítorí náà omi tí ó bá jáde láti àgbàlá kan, àgbàlá mìíràn tàbí ojú títì ni yóò bọ́ sí.

Ìdí àyẹ̀wò

Ilẹ̀ tí koríko bò máa ń mu púpọ̀ nínú omi òjò. Òrùlé àti kọnkéré kì í mu ún. Bí òjò bá rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 ní wákàtí kan sórí hẹ́kítà 1, tí ìdá 20 nínú 100 omi náà sì ṣàn kúrò lórí koríko, nǹkan bíi lítà 56 ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ilé àti kọnkéré bo ilẹ̀ kan náà, tí ìdá tí ó ń ṣàn di 90, omi náà yóò di lítà 250. Òjò kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gọ́tà tí ó tó tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́.

Òfin

Òfin Ètò Ìlú àti Agbègbè ti ọdún 1992 (Òfin 88) sọ ọ́ di dandan pé kí ènìyàn gba àṣẹ kí ó tó kọ́lé. Ó tún béèrè ìwé àlàyé ipa iṣẹ́ náà lórí àyíká fún ilẹ̀ ilé gbígbé tí ó ju hẹ́kítà 2 lọ, àti fún kíkọ́ tàbí fífẹ ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì fi kíkọ́ àti títọ́jú gọ́tà sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ojú Ore, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìpele ìjọba mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ omi kan náà kàn.

Ohun tí a ń yẹ̀ wò

* Gíga àti ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú omi tí ó ń wọlé láti òkè.
* Fífẹ̀ àti jíjìn gọ́tà, àti bóyá gọ́tà ìta lè gba omi náà.
* Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín ilé àti odò tàbí ojú-àgbàrá.
* Kòtò tàbí adágún tí yóò dá omi dúró, kí ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.
* Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ yóò fi ya epo àti kẹ́míkà sọ́tọ̀ kúrò lára omi òjò.
* Ẹni tí yóò máa kó iyanrìn àti ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà nítòsí, ọ́fíìsì ojú-àgbàrá ìpínlẹ̀ náà ní ìwé ìfọwọ́sí tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999 mú kí iṣẹ́ ìkọ́lé tí ó bá dé éékà 1 gba àṣẹ lórí omi òjò.

Ààlà àyẹ̀wò náà

Bí a bá ń yẹ pláànù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí pláànù kọ̀ọ̀kan dára, síbẹ̀ kí àpapọ̀ omi wọn bo àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀. Omíyalé odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980 pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò àti ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi wà lára ohun tí ó fà á. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí ó péye kì í parí sí ẹnu géètì: ó ń tọ omi náà lọ títí dé odò.