Fọ́tò Ìdílé Tí Iná Jó

Ẹ̀yin ará wa, bí ilé bá ń jó, kí ni a máa ń kọ́kọ́ gbé jáde? Ọmọ ni. Lẹ́yìn ọmọ, a ó wá owó àti ìwé ilẹ̀. Ìgbà tí iná bá kú tán ni a máa ń rántí fọ́tò tó wà lára ògiri. Aṣọ tó jó, a lè ra òmíràn. Ojú bàbá wa tó ti kú, ọjà wo ni a ti máa rí i rà?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń gbé ní Abomey-Calavi. Ilé wa sún mọ́ ara wọn. Epo kpayo inú ìgò, àbẹ́là, wáyà iná tó ti gbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá iná sílẹ̀.

Bí fọ́tò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọdún 1839 ni wọ́n fi iṣẹ́ fọ́tò tí Daguerre ṣe han gbogbo ayé ní ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iṣẹ́ náà fi dé etí òkun wa. Ní Àjàṣẹ́, èyí tí à ń pè ní Porto-Novo, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni Joseph Moïse Agbodjelou. Wọ́n bí i ní ọdún 1912, ó sì kú ní ọdún 2000. Leonce Raphael, ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò a wọ aṣọ tó dára jù, a lọ sí ilé oní-fọ́tò. Oní-fọ́tò a fún un ní fọ́tò tirẹ̀, a sì tọ́jú nẹ́gátíìfù sọ́wọ́. Nẹ́gátíìfù yìí ni ìyá fọ́tò. Bí fọ́tò bá sọnù, a lè fi í ṣe òmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dakar

Ṣùgbọ́n bí iná bá jó ilé oní-fọ́tò ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ rí ní Dakar, ní Senegal. Mama Casset, tí wọ́n bí ní ọdún 1908, ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní àdúgbò Médina ní ọdún 1943. Ó pè é ní African Photo. Ó ya àwọn èèyàn Dakar fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Lẹ́yìn náà, iná jó ohun tó pọ̀ jù nínú nẹ́gátíìfù rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1992.

Kí ni ó kù? Àwọn fọ́tò tó ti wà nílé àwọn oníbàárà kò bá iná náà lọ. Èyí tí ìyá kan gbé kọ́ ògiri, èyí tí arúgbó kan tọ́jú sínú àpótí, àwọn ni ó jẹ́ kí ayé mọ iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: ohun tó bá wà ní ibi méjì, iná kan ṣoṣo kò lè jó o tán.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn tó ń tọ́jú fọ́tò àtijọ́ ní oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Porto-Novo wa níbí, ní École du Patrimoine Africain. Bí a ó ṣe gba fọ́tò ilẹ̀ wa là ni wọ́n wá kọ́.

Ohun tí a lè ṣe lẹ́yìn iná

Lójú fọ́tò, ohun kan wà tó tẹ́ pẹlẹbẹ. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dàbí omi ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù tó dì nígbà tó tutù. Ẹ mọ̀ pé bí ooru bá kàn án, yóò yọ́. Bí omi bá kàn án, yóò wú, yóò sì máa lẹ̀. Nítorí náà, omi tí a fi pa iná lè ba fọ́tò jẹ́ bí iná fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí aṣọ tútù nu èéfín kúrò lójú fọ́tò. Èéfín ní ọ̀rá, yóò wọlé sí i. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá a jẹ́jẹ́, nígbà tí fọ́tò bá gbẹ.

Bí àwọn fọ́tò bá tutù tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wọn sínú omi tútù tó mọ́, kí ẹ rọra yà wọ́n kí ọjọ́ méjì tó pé. Ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ tó mọ́ níbi òjìji, kí ojú wọn kọ sókè.

Bí fọ́tò bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣe fà á ya. Ẹ jẹ́ kí oní-fọ́tò yà á láti ojú gíláàsì náà.

Èyí tí etí rẹ̀ jó, ẹ gbé e sórí páálí, kí ẹ fi sínú àpòòwé. Ẹ má ṣe lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Oní-fọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà lè tún ẹ̀dà yẹn ṣe, kí ògbólógbòó má bàa bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti jẹ ojú náà tán, ojú tí kọ̀ǹpútà bá fi síbẹ̀, àbá lásán ni. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé ojú bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ orúkọ wọn

Ohun tó kẹ́yìn ni kò gba owó. Àwa tí a ti mọ ìwé kọ, ẹ jẹ́ kí a fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rọra kọ ọ́, kí ó má bàa yọ lójú. Ẹ bi àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, àlejò ni yóò dà nínú ilé ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bí iná kò tilẹ̀ jó o.

Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kétu, tàbí àbúrò tó wà ní Kútọnù. Àwọn àgbà ní, bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí iná bá gba èyí tó wà nílé wa, ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ wọn yóò padà wá bá wa.