Kòkòrò Kì Í Jẹ Eyín

Ẹni tó bá ti ṣa ẹ̀wà rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ “kòkòrò ń jẹ eyín” ti wá. Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ, kí ẹ mú hóró kan tó fúyẹ́ níbẹ̀. Ihò róbótó kan á wà lára rẹ̀, etí ihò náà á dán bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lu ú. Ẹ là á, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Obì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun làwọn àgbà fi ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Nígbà tí ihò dúdú wá yọ lára eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ, tó ń ro èèyàn láti alẹ́ mọ́jú, kí ni wọn ì bá tún pè é bí kò ṣe kòkòrò eyín?

Yorùbá nìkan kọ́ ló rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ ọ̀rọ̀ kòkòrò inú eyín sára wàláà amọ̀ wọn. Nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n a máa da èso ewéko kan síná, kí èéfín rẹ̀ lè wọ ẹnu aláìsàn. Bí èso náà bá bẹ́, nǹkan funfun tín-ín-rín á yọ lára rẹ̀, wọ́n á ní kòkòrò ti jáde nìyẹn. Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé tó tẹ ìwé ńlá jáde ní 1728, sọ pé òun wá kòkòrò náà títí, òun ò rí i.

Síbẹ̀, mi ò ní ká ju ọ̀rọ̀ náà nù. Kòkòrò ti kúrò ní ti inú ẹ̀wà nìkan. A ń pe ohun tí ojú ò lè rí ní kòkòrò báyìí. Òun la fi ń pe kòkòrò apa-sójà-ara. Irú èyí sì wà lẹ́nu wa lóòótọ́: láti 1683 ni Leeuwenhoek, ará Netherlands, ti fi awò rẹ̀ rí wọn nínú èérí tó ha láàárín eyín ara rẹ̀. “Jẹ” gan-an ló tàn wá.

Kòkòrò yìí kì í jẹ eyín. Ṣúgà àti oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń jẹ, ohun tó sì ń tú jáde lẹ́yìn tó bá jẹun tán kan. W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Berlin, fi eyín sínú búrẹ́dì tí a pò mọ́ itọ́. Búrẹ́dì náà kan, eyín sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ó fi òmíràn sínú ẹran àti itọ́, eyín ìyẹn ò rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1890.

Ẹ wá wo bí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà nílé látijọ́. Bí a bá mu ọsàn wẹ́wẹ́, kí la máa ń wí? Eyín kan wá. Ọsàn kan, eyín náà kan: ọ̀rọ̀ kan náà ló so omi kíkan àti eyín pọ̀. Òde eyín le ju eegun lọ, kò sóhun tó le tó o nínú ara èèyàn, ṣùgbọ́n kíkan ń yọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fi nǹkan dídùn kan ẹnu, kíkan yẹn á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó borí rẹ̀. Ọmọ tó ń lá súùtì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń fi mínírà lé e, kò fún itọ́ láyè rárá.

Torí pé “jẹ” la gbọ́ la ṣe ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò náà: tábà, ògógóró, kẹrosíìnì. Èyí tó ń dùn mí jù ni omi bátìrì. Ásíìdì ni omi bátìrì! Kíkan ló ba eyín jẹ́, a tún lọ gbé kíkan tó burú jù ú lọ lé e. Á sun ẹran ìdí eyín, á bó ẹnu.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ìbàjẹ́ eyín bá ṣì jẹ́ àmì funfun lásán, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride lè mú un padà bọ̀ sípò. Bó bá ti di ihò, dókítà eyín á ha ibi tó ti jẹrà kúrò, á sì dí i. Bó bá wọnú dé ibi tí iṣan wà, á kó ohun inú eyín náà jáde, á fọ gbòǹgbò rẹ̀, á sì dí i pa. Yíyọ ló kẹ́yìn. (Ọ̀rọ̀ tá à ń pè ní iṣan yìí náà ń ru ẹrù tó pọ̀: òpó ẹ̀jẹ̀ ni, òun náà la fi ń mọ ìrora, òun náà la fi ń gbé apá. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé bí a bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín tó kẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ni ọyún rẹ̀ lè ràn dé ọ̀dọ̀ ojú.)

Nítorí náà, bí eyín bá ń ro yín, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Ẹ lọ bá dókítà eyín, kí ẹ tó sọ fún un pé kó yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ṣeé dí?”