Ìtàn Ìpamọ́ Àwòrán àti Ewu Tó Wà Nínú Píparẹ́ Rẹ̀

Nínú iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ṣàlàyé pé ìtumọ̀ àwòrán ní èdè Yorùbá ni ohun tí a ń wò láti fi rántí. Bí àlàyé yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá pa àwòrán rẹ́ ń fọwọ́ kan ìrántí. Ìdí nìyí tí n kò fi ka ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn lóde òní, ìyẹn ni bí a ṣe lè pa àwòrán rẹ́ ní ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí àyè lè gba òmíràn, sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nígbà tí a bá pa àwòrán kan rẹ́, ǹjẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn, ọwọ́ ta ni ó sì wà?

Ní 1839 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé kéde ọgbọ́n àwòrán yíyà tí Louis Daguerre gbé kalẹ̀. Orí bàbà tí a fi fàdákà bò ni àwòrán yìí máa ń wà. Ó dára púpọ̀ ní wíwò, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá sọnù, ó sọnù náà nìyẹn. William Henry Fox Talbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá ọ̀nà mìíràn tí ó sì gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1841. Nínú ọgbọ́n tirẹ̀, nẹ́gátíìfù ni ó ń kọ́kọ́ jáde, níbi tí funfun ti di dúdú, tí dúdú sì di funfun; lára rẹ̀ ni a ó ti wá tẹ iye àwòrán tí a bá fẹ́. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìpamọ́ àwòrán ti ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà ni àwòrán ti ní ìyá, tí ó sì ti ní ọmọ.

Àwọn ayàwòrán onísítúdíò ní ìlú wa jogún ọgbọ́n ìyá àti ọmọ yìí. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ ni oníbàárà ń gbé lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ayàwòrán ni nẹ́gátíìfù sábà máa ń wà. Bí ikán bá jẹ tilé, tàbí tí òjò pa á, a lè padà lọ bá ayàwòrán kí ó tún òmíràn tẹ̀. Ilé méjì ni àwòrán kan ń gbé, ọwọ́ ẹni méjì ni ó sì wà. Ní ìlú Benin, Solomon Osagie Alonge, tí í ṣe ayàwòrán ààfin Ọba, pa nẹ́gátíìfù rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn nẹ́gátíìfù náà wà lára ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà fi ṣe àfihàn ní 2014. Ká ní fọ́tò tí ó wà lára ògiri àwọn oníbàárà nìkan ni ó kù ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ni à bá rí.

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí àwòrán ti ṣe iyebíye tó láàárín Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1978 lẹ́yìn ìwádìí tí ó ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán àwọn méjèèjì, wọ́n a ya èyí tí ó kù, wọ́n a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí ó lè dúró fún ara rẹ̀ àti fún èkejì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún un, a ó yà á, a ó tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó tún yà á. Fọ́tò ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé nǹkan yẹpẹrẹ ni àwòrán.

Ní 1975, Steven Sasson, òṣìṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí kò lo fíìmù rárá. Ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ẹ̀rọ náà fi ń kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni nẹ́gátíìfù bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán bọ́ sínú fóònù, ẹni tí ó ń ya àwòrán 36 lórí fíìmù kan nígbà kan rí wá ń ya 300 ní òde ìnáwó kan. Níbo ni a ó kó gbogbo rẹ̀ sí? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dáhùn pé kí a kó o wá sọ́dọ̀ àwọn, ní ibi tí àwọn Òyìnbó fi orúkọ àwọsánmà pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà náà wà. Ní 2013, Flickr fún oníkálukú ní terabyte kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2015, Google Photos dé, ó ní kí a máa kó àwòrán wá láìníye, bí a bá ti gbà kí ó dín ìwọ̀n wọn kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ tí í pin. Ní 2018, Flickr kéde pé àwòrán 1,000 péré ni ẹni tí kò sanwó yóò máa ní. Ní 2019, MySpace jẹ́wọ́ pé àwòrán àti orin tí àwọn ènìyàn ti gbé síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ti ṣòfò nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 2021, Google fòpin sí àìníye tirẹ̀: gígábáìtì 15 ni ọ̀fẹ́, lẹ́tà Gmail àti ìwé Drive sì wà nínú rẹ̀. Apple ní tirẹ̀ kò fún ni ju gígábáìtì 5 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú iCloud láti 2011. Báyìí ni ẹrù ṣíṣa àwòrán padà sórí olówó rẹ̀.

Ibí yìí ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwòrán tí ó wà lórí fóònù ni ọmọ, pé èyí tí ó wà lókè ni ìyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí fóònù àti ibi ìpamọ́ bá ti so pọ̀, àwòrán kan náà ni ó ń hàn níbi gbogbo, bí òṣùpá kan tí ó hàn nínú ìkòkò omi mẹ́ta. Bí a bá pa á rẹ́ nínú iCloud Photos lórí fóònù, ó parẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Google Photos náà ní ohun kan tí ó ń kó àwòrán tí ó ti ní ẹ̀dà lókè kúrò lórí fóònù kí fóònù lè fúyẹ́; èyí kò ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù, bíi ti Daguerre. Bí ibi ìpamọ́ bá wá kún lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, tí olúwarẹ̀ sì pa àwòrán ibẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú èrò pé ti fóònù ṣì wà, aṣọ kò bá Ọ́mọ́yẹ mọ́.

Kí ni ṣíṣe? Kí a kọ́kọ́ bí ìyá mìíràn kí a tó sin èyí tí ó wà. Google ní ètò kan tí ó ń jẹ́ Takeout láti 2011, tí a fi lè kó gbogbo àwòrán wa wálẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 7 ni a ní láti kó o kí ìlànà náà tó pa dé. Kí a wá dà á sí orí nǹkan ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà nílé wa, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹbí tí a fọkàn tán, nítorí ọ̀nà kan kò wọjà. Kí a ṣí àwòrán bíi mélòó kan wò níbẹ̀ kí a lè rí i pé wọ́n ṣí lóòótọ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè parẹ́. Ohun tí a pa rẹ́ kì í sì í rá lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lọ sí ààtàn, níbi tí a ti lè ṣà á padà fún ọjọ́ 60 lọ́dọ̀ Google bí ó bá ti ní ẹ̀dà níbẹ̀, àti ọjọ́ 30 lọ́dọ̀ Apple.

Ọdún tí a gbé àwòrán síbẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ. Àwòrán tí Google ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tí a sì gbé síbẹ̀ ṣáájú oṣù Kẹfà, 2021, kò sí nínú ìṣirò gígábáìtì 15 náà. Ẹni tí ó bá pa irú rẹ̀ rẹ́ kò rí àyè kankan gbà. Ó kàn pàdánù ohun àtijọ́ lásán ni. Àwọn fídíò gígùn, àwòrán rísíìtì, àti òdòdó ẹ-káàárọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa ni ó yẹ kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn.

N kò sọ pé kí a má parẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ọkàn ń tọ́jú. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé inú ẹ̀dà púpọ̀ ní ọwọ́ púpọ̀ ni àwòrán ti ń pẹ́ láyé, pé ilé iṣẹ́ tí ó gbà á lọ́wọ́ wa lánàá kò búra fún wa nípa ọ̀la. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹni tí ó fẹ́ gba àyè kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí nẹ́gátíìfù wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó gbọ́wọ́ dúró ná.