Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kọ́ Ètò Lẹ́tà: Ìtàn Ìdánwò Títo Ọ̀rọ̀

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Nínú ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, A ńlá jẹ́ 65, Z ńlá jẹ́ 90. Nígbà tí lẹ́tà kéékèèké wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, a kékeré gba 97. Ẹ̀rọ tó bá ń fi nọ́ńbà nìkan to orúkọ yóò gbé Z ńlá ṣíwájú a kékeré. Èyí kò bá ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mu, ká má tíì sọ ti àwọn èdè tí lẹ́tà wọn kò sí nínú ASCII rárá.

Kò sì sí ètò kan tó kárí ayé. Ẹ̀yìn z ni àwọn ará Sweden ń to å, ä àti ö sí. Ní Jámánì, ìlànà DIN 5007 fàyè gba ọ̀nà méjì: nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ä ń bá a rìn, nínú àkójọ orúkọ ènìyàn, wọ́n ń tò ó bí ẹni pé ae ni wọ́n kọ. Àwọn ará Spain ń to ch àti ll gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tó dá dúró, títí àwọn àjọ tó ń bójú tó èdè náà fi fòpin sí i ní 1994. Ìdáhùn tó tọ̀nà lánàá lè di àṣìṣe lónìí.

Ìlànà èdè C tí ANSI fọwọ́ sí ní 1989 ní strcoll nínú, iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú tí a bá yàn. Ìlọsíwájú ńlá ni, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò sọ ohun tí àṣà ìlú kankan jẹ́. Oníkálukú ń ṣe tàbìlì tirẹ̀. Ẹ̀rọ méjì lè to orúkọ kan náà ní ọ̀nà méjì, kí àwọn méjèèjì sì ti pa òfin mọ́. Ta ni aṣèdánwò fẹ́ dá lẹ́bi?

Quebec ni ọ̀nà àbáyọ kan ti wá. Alain LaBonté ṣiṣẹ́ lórí ìfiwéra onípele níbẹ̀: kí a kọ́kọ́ wo lẹ́tà, bí wọ́n bá dọ́gba kí a wo àmì orí wọn, lẹ́yìn náà kí a wo lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ìlànà Faransé ti Quebec tún ń ka àmì láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ bọ̀ síwájú, ìdí nìyẹn tí cote, côte, coté, côté fi tò báyẹn. Èrò onípele yìí ló wà nínú ìlànà àgbáyé ISO/IEC 14651 àti nínú ìlànà títò ti Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà onírúurú èdè ní nọ́ńbà. Mark Davis àti Ken Whistler ló kọ ìlànà títò náà.

Ìgbà yìí ni ìdánwò gidi wá ṣeé ṣe. Unicode ń gbé fáìlì ìdánwò méjì jáde, torí pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà lo àmì ìdánudúró àti àlàfo. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà jẹ́ ọ̀wọ́ lẹ́tà kan, wọ́n sì ti tò wọ́n tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ju kí ó ka ìlà kan, kí ó fi wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ní èyí tó tẹ̀lé e ló kéré, ó ti kùnà. Mo fẹ́ràn bí ó ṣe rọrùn tó.

Ẹni tó bá fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, kí ó rántí 2018. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, glibc 2.28, àkójọ iṣẹ́ èdè C tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux ń lò, tún tàbìlì títò rẹ̀ ṣe kí ó lè bá ISO/IEC 14651 mu. Lábẹ́ àṣà Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, 11 ló ń ṣáájú 1-1 tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, 1-1 ló ń ṣáájú. Àwọn tó ń lo PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà kan, rí i pé atọ́ka tí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú ètò àtijọ́ kò ṣeé gbára lé mọ́: ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wá a, kò rí i. Wọ́n ní láti tún atọ́ka náà ṣe.

Síbẹ̀, yíyege nínú fáìlì Unicode kò tó. Ẹ wo oko, okùn àti ọkọ. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, O gbọ́dọ̀ tán kí Ọ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí mo ṣe kọ wọ́n yẹn ni wọ́n ṣe tò. Tàbìlì gbogbogbòò ti Unicode yóò tò wọ́n báyìí: oko, ọkọ, okùn, torí pé ó ka àmì abẹ́ ọ sí ohun ìpele kejì. Yóò tún gbé gbajúmọ̀ ṣíwájú gèlè, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ G ni GB wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ yìí kan náà lè gba máàkì tó pé nínú ìdánwò. Ìdánwò náà kàn ń fi hàn pé ẹ̀rọ tẹ̀lé tàbìlì ni. Àwọn tó ni èdè ló lè sọ bóyá tàbìlì náà bá èdè wọn mu. Inú CLDR, àkójọ àṣà èdè tó wà lábẹ́ Unicode, ni àtúnṣe fún èdè kọ̀ọ̀kan wà. Ti Yorùbá wà níbẹ̀: ẹ lẹ́yìn e, gb lẹ́yìn g, ọ lẹ́yìn o, ṣ lẹ́yìn s.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́, tí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó fi àmì ohùn òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Unicode ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ìlànà èdè JavaScript sì pàṣẹ pé òdo, ìyẹn pé wọ́n dọ́gba, ni localeCompare, iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, gbọ́dọ̀ dá padà fún irú ìwọ̀nyí. Test262, àkójọ ìdánwò ìlànà náà, ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, U+0323, Unicode kò sì ka méjèèjì sí ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń kọ ìdánwò fún Yorùbá ní láti fi méjèèjì sínú rẹ̀, kí ó rí i pé ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi àmì róbótó kọ àti èyí tí a fi ìlà kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S.