Fífa Oru Igbó

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ igbó mọ́ èéfín: ewé gbígbẹ tí wọ́n wé sínú pépà, ìṣáná, àti òórùn tó ń tú àṣírí ẹni tó ń mu ún. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba iná. Ẹ̀rọ kan ni yóò mú ewé náà gbóná débi tí èròjà inú rẹ̀ á fi di oru, síbẹ̀ tí ewé fúnra rẹ̀ kò ní jóná. Oru yẹn ni wọ́n ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Èròjà inú igbó tó ń gun èèyàn lórí ni THC. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1964. Ó máa ń di oru kí ewé tó gbiná, àlàfo yìí gan-an sì ni àwọn aṣẹ̀rọ ń lò: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń yí sáàárín 180 àti 210 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí wọ́n bá fà á tán, ewé náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní di eérú.

Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ń wá bí igbó ṣe máa wọ imú láìsí pépà. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, kọ ọ́ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará Scythia, ìran àtijọ́ kan, máa ń da èso igbó sórí òkúta gbígbóná nínú àgọ́ tí wọ́n bò pinpin, tí inú wọn á sì dùn débi pé wọ́n á máa ké. Èéfín ni tiwọn ṣá o.

Ẹ̀rọ kan tó gbajúmọ̀ gan-an wá láti Tuttlingen, ìlú kan ní gúúsù Jámánì tó lókìkí fún irin iṣẹ́ abẹ. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Storz & Bickel ti gbé Volcano jáde lọ́dún 2000. Ó rí ṣóńṣó bí òkè. Atẹ́gùn gbígbóná á gba àárín ewé kọjá sínú àpò ọ̀rá ńlá kan tó ń wú lókè rẹ̀. Wọ́n á yọ àpò náà, wọ́n á fi ẹnu sí i, wọ́n sì lè gbé e yí ká láàárín ọ̀rẹ́. Nítorí pé iná mànàmáná ló ń lò, orí tábìlì ló ń gbé. Àwọn ẹ̀rọ alábátìrì tó ṣeé mú dání dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé oru sàn ju èéfín lọ? Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní San Francisco, olùṣèwádìí Donald Abrams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Volcano dán èèyàn 18 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007: THC tó wọ ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èéfín, ṣùgbọ́n carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, dín kù gan-an. Ìdàkejì rẹ̀ hàn lọ́dún 2018 ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 17 tí kì í lo igbó lemọ́lemọ́ ló kópa níbẹ̀. Ìwọ̀n kan náà gun wọ́n lórí ju ti èéfín lọ nígbà tí wọ́n fa oru. Àwọn kan bì.

Ewu tó burú jù kò ti inú ewé wá. Lọ́dún 2019, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fa òróró THC inú ẹ̀rọ vape tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020, èèyàn 2,807 ló ti dé ilé ìwòsàn tàbí kú; àwọn tó kú jẹ́ 68. Vitamin E acetate, èròjà tí àwọn oníṣòwò ń pò mọ́ òróró kó lè pọ̀, ni wọ́n bá nínú omi ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn 48 nínú 51 tí wọ́n yẹ̀ wò. Ó ṣeé fi pa ara, kò ṣeé fà sínú.

Òfin náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Bìrìtìkó, dókítà àgbà lè kọ igbó fún aláìsàn láti oṣù kọkànlá ọdún 2018. Òfin kọ̀ fún aláìsàn náà láti mu ún ní èéfín, ṣùgbọ́n ó lè fa oru rẹ̀. Ní Nàìjíríà, èéfín àti oru kò yàtọ̀ lójú òfin: èèwọ̀ ni igbó, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ló sì ń mú ẹni tó bá rú òfin náà.